Èdè Ilé Bàbá Wú

Agogo méje àárọ̀ ni, òjò winniwinni ń rọ̀. Ọ̀gá Líù, ará Ṣáínà tó ń la títì wa, sọ fún Àkànmú, lébìrà, pé: “Gbogbo ayé ló ń sọ èdè Ṣáínà. Bí o ò bá gbọ́ ọ kílẹ̀ tó ṣú, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ ẹ.” Àkànmú bẹ Bàbá Wú, alásè wọn tó wá láti gúúsù Ṣáínà, pé kí wọ́n sọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe ń bá ará ilé wọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Bàbá Wú sọ ọ́ wàrà-wàrà. Àkànmú yíjú sí Ọ̀gá Líù: “Ọ̀gá, kí ni wọ́n wí?” “Èdè ìlú wọn nìyẹn, èmi ò gbọ́ ọ.” “Háà! Ẹ̀yin tí wọ́n bí sí Ṣáínà ò gbọ́ ọ tán, èmi wá ni kí n gbọ́ ọ kílẹ̀ tó ṣú?” Ọ̀gá bú sẹ́rìn-ín. “Ẹnu ẹ mà mú o! Wá síṣẹ́ lọ́la.” Àkànmú gbé ṣọ́bìrì rẹ̀, ó padà sídìí kọnkéré.