Ọnàbùnmi àti Ẹbọ Ọrọọrún

Àìrí ẹni bá sọ̀rọ̀ ni ìṣòro Ọnàbùnmi, ọmọ onígbá fínfín ní ìlú Òkè-Ọsàn. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni. Láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú ni òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kan ti ń mu omi gẹ̀gẹ̀mu, ewéko tí í da orí ènìyàn rú, lẹ́yìn ògiri àtijọ́ ìlú. Wọ́n mu ún títí ara wọn kò fi lè ṣe aláìmu ún mọ́. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan ni Ìgè, ọ̀kan nínú wọn, rìn wọ inú odò, kò sì jáde. Ọjọ́ náà ni Ọnàbùnmi jáwọ́.

Ó jáwọ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó bá a yọ̀. Bí ó bá ń kọjá, àwọn abiyamọ a fa ọmọ wọn mọ́ra. Ẹnikẹ́ni kì í rán an níṣẹ́ mọ́. Bàbá rẹ̀ kó gbogbo ọ̀bẹ ìfíngbá pamọ́. Kò bú u, kò nà án. A gbé oúnjẹ rẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà, a sì yí padà láìwo ojú rẹ̀. Ní àràárọ̀ ni ara rẹ̀ ń bèèrè ohun tí ó ti kọ̀ sílẹ̀. Kò sì rí ẹni tí yóò sọ ọ́ fún.

Nígbà tí ó rí i pé ẹsẹ̀ òun fẹ́ gbé òun padà sí ẹ̀yìn ògiri, ó mú ọ̀nà ilé Ìyá Fáṣeèyí pọ̀n, arúgbó tí í fi obì bèèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ Ifá. Ó bá ẹnì kan níbẹ̀. Ọdẹ́gbàmí ni, ọmọ ọdẹ, ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n jọ ń mu. Òun náà ti jáwọ́. Ìdààmú kan náà ni ó gbé e wá. Wọn kò wo ojú ara wọn.

Ìyá Fáṣeèyí da obì, ó wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ni ó ní:

“Ọ̀tún-ni-yóò-wẹ-òsì, awo etí odò, ló dífá fún ọmọ tí ó jáde nínú ibú, tí kò rí ẹni na ọwọ́ sí i. Wọ́n ní kí ó rúbọ, kí ó lè rí ẹni bá jókòó.”

“Kí ni ẹbọ náà, Ìyá?” Ọnàbùnmi bèèrè.

“Ẹ̀kọ tútù, ẹ̀wà sísè, oyin díẹ̀. Lọ́rọọrún ni kí ẹ gbé e lọ sí abẹ́ igi ìyeyè, létí odò tí ó gbé Ìgè lọ. Ẹ kò ní gbé e sílẹ̀ fún igún. Ẹ pe ẹnikẹ́ni tí ó bá ti mu ohun tí ẹ mu, tí ó sì fẹ́ jáwọ́, kí ẹ jọ jẹ ẹ́. Kí oníkálukú fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí. Ẹni tí kò mu ún rí kò gbọdọ̀ bá yín jókòó. Èmi pàápàá kò ní wá.”

Ọdẹ́gbàmí rẹ́rìn-ín. “Ìyá, kí n lọ máa tú àṣírí ara mi láàárín àwọn ẹlẹgbẹ́ mi? Mo ti jáwọ́. Agbára mi tó mi.”

“Ó tó ọ lónìí,” ni arúgbó náà wí. “Ta ni yóò bá ọ ṣọ́ ọ̀la?”

Ọdẹ́gbàmí dìde. Ó dọ̀bálẹ̀ fún un, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ọnàbùnmi se ẹ̀wà. Ó lọ sí ilé àwọn tí ó mọ̀ pé wọ́n ń mu, ó pè wọ́n. Àwọn kan ti ilẹ̀kùn; àwọn kan ní àwọn kò mọ ohun tí ó ń sọ. Nígbà tí ọrún pé, ó jókòó sí abẹ́ ìyeyè títí òjìji igi fi yí sí ìhà kejì. Kò sí ẹni tí ó wá. Ó dá jẹ ẹ̀wà tútù, ó ń wo omi. Bákan náà ni ọrún kejì rí, bákan náà ni ẹ̀kẹta.

Ó padà tọ Ìyá Fáṣeèyí lọ. “Ìyá, ẹbọ mi kò dà. Kò sí ẹni tí ó wá.”

“Láti ọrún àkọ́kọ́, ṣé o ti mu ún?”

“Rárá, Ìyá.”

“Ó ti ń dà nìyẹn. Máa lọ.”

Ní ọrún kẹrin ni ọmọbìnrin kan wá. Àwẹ̀ró ni orúkọ rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, ọmọ elépo. Ó jókòó sí ọ̀nà jíjìn, ó jẹ tirẹ̀, kò sọ̀rọ̀, ó lọ. Ní ọrún karùn-ún, ó sún mọ́ ìdí igi.

“Mo jí aṣọ tí ìyá mi àgbà fi pamọ́ de ikú ara rẹ̀,” ni ó wí. “Mo tà á láti fi ra omi yẹn. Ó kú ní oṣù tó kọjá. Aṣọ ẹlòmíràn ni wọ́n fi sin ín.”

Ọnàbùnmi gbọ́ ọ títí dé òpin. Nígbà tí ó kan òun, ó kọjú sí odò. 

“Mo wà níbí lọ́jọ́ tí Ìgè wọ odò. Ó ń na ọwọ́ sí mi. Omi gẹ̀gẹ̀mu ti wà lójú mi. Ó dà bí ẹni pé ó ń jó. Mo ń rẹ́rìn-ín, Àwẹ̀ró. Mo rẹ́rìn-ín títí n kò fi rí i mọ́.”

Kò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí. Ó tẹ orí ba, ó ń retí kí ọmọ náà dìde kí ó sì máa lọ. Àwẹ̀ró kò dìde. Ó bu ẹ̀wà sí ọwọ́ Ọnàbùnmi.

Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń wá, ọ̀kan lónìí, ọ̀kan lóṣù tí ń bọ̀. Nígbà tí ó fi di ọdún kẹta, wọ́n ti di mẹ́rìnlá. Àwọn kan padà sí ìdí omi náà, ojú sì tì wọ́n, ṣùgbọ́n àwọn ẹgbẹ́ wọn ń lọ mú wọn wá láti ilé. Wọn kò lé ẹnikẹ́ni. Bàbá Ọnàbùnmi kó ọ̀bẹ fún un padà. Igbá tí ó ń fín di ohun tí àwọn ìyàwó tuntun ń bèèrè títí dé ìlú kejì, àwọn abiyamọ tí wọ́n sì ti ń sá fún un tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń mú ọmọ wọn wá kọ́ iṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀.

Ọdẹ́gbàmí ńkọ́? Wọ́n gbọ́ pé ó ti ń dá gbé nínú ahéré kan ní oko jíjìn. Bàbá rẹ̀ ti gba ọfà lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ kò dúró lójú kan mọ́. Ọnàbùnmi di ẹ̀kọ, ó rìn lọ bá a. Ó bá a ní ẹnu ọ̀nà, ó ti gbẹ, ojú rẹ̀ ti jìn wọnú.

“Oṣù mẹ́fà ni mo fi dúró,” ni ó wí. “Èmi nìkan. Òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ tí mo padà sí i. Yàtọ̀ sí ìwọ àti Ìyá, kò sí ẹni tí ó mọ̀ pé mo ti jáwọ́. Nígbà tí mo padà, ta ni yóò mọ̀?”

“Ọ̀la ni ọrún,” ni Ọnàbùnmi wí.

Ọdẹ́gbàmí wo ọwọ́ ara rẹ̀. “Ká ní mo ti bá ọ lọ lọ́jọ́ náà ni.”

Ọnàbùnmi na ọwọ́ sí i pé kí àwọn jọ máa lọ. Ọdẹ́gbàmí yí ojú padà sínú ahéré. Ọnàbùnmi gbé ẹ̀kọ náà sílẹ̀ fún un, ó sì mú ọ̀nà ilé pọ̀n.

Àwọn méjì ni wọ́n jọ gbọ́ ẹbọ kan náà lójú obì kan náà. Ọnàbùnmi rú u, ó là, ó sì rí ènìyàn bá jókòó. Ọdẹ́gbàmí fi ẹ̀rín dá ẹbọ padà; àbámọ̀ ni ó wá ń bá a gbé inú ahéré, kò sì sí ẹlòmíràn níbẹ̀.