Ìgò Oògùn Bàbá Oyèwùsì

Nígbà tí reluwé ṣì ń rìn déédéé, tí ìlú tí kò sí lẹ́bàá ojú irin ń jowú èyí tó wà níbẹ̀, baálé ilé kan wà ní Ìdí-Ìyeyè tó ń jẹ́ Oyèwùsì. Gáàdì reluwé ni kó tó fẹ̀yìn tì. Òun ni í fọn fèrè, òun ni í ju àsíá aláwọ̀ ewé kí ọkọ̀ tó gbéra. Lẹ́yìn tó fẹ̀yìn tì tán pàápàá, bó bá gbọ́ fèrè ọkọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, yóò nà dìde lórí àga, yóò wo ojú ọ̀run bí ẹni ń wo aago, yóò ní, "Ó pẹ́ lónìí." Àwẹ̀ró ìyàwó rẹ̀ a sì dáhùn láti ìdí ààrò pé, "Kò pẹ́, Bàbá Bísí. Ẹ̀yin lẹ ń kánjú." Bí wọ́n ṣe ń gbé nìyẹn, tẹ̀ríntẹ̀rín.

Àìsàn ìtọ̀ ṣúgà ló wá bá Oyèwùsì lálejò lọ́jọ́ ogbó, àlejò tí kì í padà sílé rẹ̀. Dókítà tó ń tọ́jú rẹ̀ ní Òṣogbo ní abẹ́rẹ́ ínsúlínì ló lè gbé e dúró, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Bí abẹ́rẹ́ náà bá yẹ̀, òùngbẹ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ ẹ́, ojú rẹ̀ á máa ṣú, bó bá sì pẹ́, ó lè bá a lọ. Dókítà pe tọkọtìyàwó jókòó, ó kì wọ́n nílọ̀ pé: "Ooru ń ba oògùn yìí jẹ́. Ẹ má gbé e sínú oòrùn, ẹ má gbé e sẹ́bàá iná. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kó dì o! Bó bá lè dì lẹ́ẹ̀kan péré, kódà kó yọ́ padà, ẹ sọ ọ́ nù. Ìtura ló fẹ́." Àwẹ̀ró kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ bọ́ sílẹ̀.

Ní ti iná ẹ̀lẹ́tíríìkì, wọ́n ti ri òpó rẹ̀ sẹ́bàá ọ̀nà ní Ìdí-Ìyeyè, àmọ́ ẹyẹ nìkan ló ń lò ó. Àwẹ̀ró wá ìkòkò ńlá kan, ó bu iyanrìn odò sínú rẹ̀, ó gbé ìkòkò kékeré sáàárín iyanrìn náà. Inú ìkòkò kékeré yìí ló ń to àwọn ìgò oògùn sí, lẹ́yìn tó bá ti fi ọ̀rá wé wọn kí omi má baà kàn wọ́n. Tàárọ̀ tìrọ̀lẹ́ ló ń wọ́n omi sórí iyanrìn, tó sì ń fi aṣọ tútù bo ẹnu ìkòkò. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló gbé e sí, níbi tí afẹ́fẹ́ ẹ̀yìnkùlé ń gbà kọjá. Ẹni tó bá ti gbé nínú irú ọ̀dẹ̀dẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí kò lè gbàgbé òórùn rẹ̀, òórùn amọ̀ tútù, bí ìgbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kan ilẹ̀. Lọ́sàn-án gangan, àwọn ọmọ-ọmọ a máa wá fẹ̀yìn ti ara ìkòkò náà, Àwẹ̀ró a sì pariwo mọ́ wọn: "Ẹ̀sọ̀ o, ẹ̀yin ọmọ yìí! Ẹ̀mí bàbá yín ló wà níbẹ̀."

Oyèbísí ni àkọ́bí wọn. Ìbàdàn ló ń gbé, ẹja yìnyín ló sì ń tà. Títù, kótè, ṣáwá, kò sí èyí tí kò sí nínú fírísà rẹ̀. Obìnrin tí ọwọ́ rẹ̀ yá tí ẹnu rẹ̀ yá ni, ó sì fẹ́ràn bàbá rẹ̀ débi pé bí bàbá bá wúkọ́ ní Ìdí-Ìyeyè, bí ẹni pé òun ni àyà ń dùn ní Ìbàdàn. Òwò rẹ̀ ti kọ́ ọ ní ohun kan tí kò gbà kí ẹnikẹ́ni bá òun jiyàn lé: ohun tó bá dì gbagidi kì í jẹrà. Bó bá ń kó ẹja lọ sọ́nà jíjìn, iyọ̀ ló ń wọ́n sórí yìnyín, nítorí àwọn ẹlẹ́ja mọ̀ pé yìnyín oníyọ̀ ń tutù ju yìnyín lásán lọ. Ẹja Oyèbísí a dé Ṣakí nínú oòrùn, a ṣì le bí igi. Ibi tí wọ́n ti ń yìn ín nìyẹn.

Ní ọdún kan, nígbà tí ọyẹ́ ti ká ẹrù rẹ̀ lọ, tí òjò kò sì tíì dé, ìròyìn kan Oyèwùsì lára láti Mínà. Ibẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ń gbé láti ìgbà tó ti relé ọkọ. Ẹ̀gbọ́n yìí ló gbé Oyèwùsì pọ̀n nígbà tí ìyá wọn kú, tó ń jẹ iṣu rọ̀ fún un lẹ́nu. Ó ránṣẹ́ pé ojú òun ti ń fọ́ lọ, àti pé kí Àkàngbé òun, oríkì tó fi ń pe Oyèwùsì láti kékeré, jọ̀ọ́, kó wá kí òun wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i kó tó di pé ọwọ́ nìkan lòun yóò máa fi dá ènìyàn mọ̀.

Nígbà tó di ọjọ́ kejì, Oyèwùsì fọ aṣọ gáàdì rẹ̀ àtijọ́, ó sá a sórí okùn.

"Mo ń lọ," ló wí.

"Mo ti mọ̀ láti àná," ni Àwẹ̀ró dá a lóhùn. "Orúnkún mi ò ní jẹ́ kí n bá yín lọ. Mo ti ránṣẹ́ pe Bísí."

Oyèbísí dé tòun ti kúlà ńlá kan tó kún fún yìnyín, ó sì di iyọ̀ dání. Ó bá ìyá rẹ̀ níbi tó gbé ń di ìkòkò kékeré kan tó ní ìdérí sínú agbọ̀n, tó ń fi aṣọ tó rin gbindin wé e lára.

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ìkòkò yẹn sílẹ̀. Ayé ti kúrò níbẹ̀."

"Ayé lè kúrò níbẹ̀, oògùn yìí ò kúrò níbẹ̀. Dókítà ní kò gbọdọ̀ dì."

"Nítorí àwọn tí kò mọ yìnyín lò ni dókítà ṣe sọ bẹ́ẹ̀. Ẹja tí mo ń kó kiri, èwo ló bàjẹ́ rí? Ohun tó bá ti tutù, ó tutù náà ni."

"Ẹ̀sọ̀, Oyèbísí."

"Ẹ̀sọ̀, ẹ̀sọ̀! Bá a bá ní ká máa ṣe ẹ̀sọ̀, oòrùn Jẹ́bà á se oògùn yìí jinná kó tó dé Mínà!"

Ìgò mẹ́ta ló wà nílé. Oyèbísí ri méjì mọ́ àárín yìnyín, ó da iyọ̀ lé e, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì bó ti máa ń tẹ ẹja, ó fi okùn so ìdérí kúlà pinpin. Àwẹ̀ró kò bá a jà. Ó mú ìgò kẹta, ó wé e, ó gbé e sínú ìkòkò kékeré, ó sì gbé agbọ̀n náà lé ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́. "Bàbá Bísí, ẹ bá mi gbé èyí dání. Bí aṣọ rẹ̀ bá ti ń gbẹ, ẹ fún un lómi díẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí oòrùn rí i." Oyèwùsì gbà á bí ìgbà tó ń gba àsíá lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀ láyé ọjọ́un.

Ọkọ̀ gbéra. Ta ni yóò sọ ìgbádùn reluwé ayé ìgbà náà tán? Fèrèsé ṣí sílẹ̀, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ aṣọ mọ́ni lára, àwọn ọmọdé inú oko ń sáré tẹ̀ lé ọkọ̀, wọ́n ń juwọ́. Ní Ọ̀fà, àwọn obìnrin gbé ànàmọ́ bíbọ̀ wá sójú fèrèsé, èéfín ṣì ń rú lórí rẹ̀. Oyèwùsì ń dárúkọ ibùdókọ̀ kọ̀ọ̀kan kí ọkọ̀ tó débẹ̀, bí ẹni ń ki àwọn ẹbí rẹ̀. Gbogbo ìgbà tó bá sì mu omi, yóò ta díẹ̀ sára aṣọ tó wà lára ìkòkò.

"Bàámi, omi mímu yín lẹ ń fi ṣòfò un," ni Oyèbísí wí.

"Òùngbẹ ń gbẹ ẹ́ ni."

Oyèbísí kàn rẹ́rìn-ín, ó yíjú sójú fèrèsé. Ìfẹ́ tó wà láàárín àwọn àgbàlagbà méjèèjì yìí a máa pa á lẹ́rìn-ín.

Wọ́n kọjá Ìlọrin, oòrùn bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀, àkókò abẹ́rẹ́ tó. Oyèbísí tú okùn kúlà. Ó ti ọwọ́ bọ yìnyín, ó fa ìgò kìíní yọ, inú rẹ̀ funfun báláú. Ó mì í, kò mì. Ó fi kan irin ìjókòó, ó ró kò, kò, kò, bí òkúta. Ó fa èkejì yọ, ìyẹn tilẹ̀ ti sán láti ìdí dókè.

"Á yọ́," ló wí. "Bàámi, á yọ́. Ẹ fún mi láyè díẹ̀."

Ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì bo èyí tí kò sán, ó ń fẹ́ atẹ́gùn ẹnu sí i, ó kì í bọ abíyá. Ó yọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀, nǹkan wínníwínní ń léfòó nínú rẹ̀, bíi wàrà tó já. Oyèwùsì wò ó pẹ́, ó mi orí.

"Oògùn yìí ti kú, Bísí. Dókítà sọ ọ́ létí mi."

Ìgbà náà ni Oyèbísí jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín ìjókòó. Ìlọrin ti wà lẹ́yìn, Mínà ṣì jìnnà, bẹ́ẹ̀ ni oúnjẹ alẹ́ bàbá rẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ tí kò lè jẹ ẹ́ láìgba abẹ́rẹ́. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀, ọwọ́ tó fi tẹ yìnyín mọ́lẹ̀ láàárọ̀, ó sì bú sẹ́kún. "Mo ti pa bàbá mi. Ọwọ́ ara mi ni mo fi pa bàbá mi." Ẹ̀rù bà á gidigidi, ojú sì tì í ju bí ẹ̀rù ti bà á lọ.

"Ta ló kú?" ni Oyèwùsì bi í. "Dìde. Fún mi ní ìkòkò ìyá rẹ."

Oyèbísí gbé agbọ̀n náà sórí itan, ó sì ṣí ìdérí. Nígbà tó ti ọwọ́ bọ̀ ọ́, inú rẹ̀ tutù bí ilẹ̀ abẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀, kò gbóná, kò sì dì. Ó tú ọ̀rá. Oògùn inú ìgò náà mọ́ gaara bí omi àpáta. Oyèwùsì fa ìwọ̀n tirẹ̀, ó gún un sí itan fúnra rẹ̀ bó ti máa ń ṣe. Lẹ́yìn náà ló fa oúnjẹ mọ́ra, ó ń jẹun, ọmọ rẹ̀ sì ń wò ó bí ẹni tí kò rí ènìyàn jẹun rí.

Ìgò kan ṣoṣo ló kù fún wọn báyìí, àlọ àti àbọ̀. Bí ọkọ̀ ti dúró ní Jẹ́bà, Oyèbísí sọ̀ kalẹ̀, ó da yìnyín kúlà rẹ̀ nù sẹ́bàá ojú irin, ó ra omi Odò Ọya lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á. Ó rọra wọ́n ọn sára aṣọ ìkòkò, díẹ̀díẹ̀, kò jẹ́ kó kán sínú. Ó gbé ìkòkò náà sí itan rẹ̀ níbi tí atẹ́gùn fèrèsé ti ń kàn án tí oòrùn tó ń wọ̀ kò ti rí i. Ọwọ́ tó máa ń fi àdá la òkìtì ẹja dídì wá ń pa aṣọ tútù lára amọ̀ bí ẹni ń pa ọmọ lára. Ọkọ̀ gun orí afárá, irin ń hó lábẹ́ wọn, omi fẹ̀ lọ salalu, ó pupa nínú oòrùn ìrọ̀lẹ́. Oyèwùsì ní, "Ibí yìí ni mo máa ń fọn fèrè mi tó gùn jù."

Ní Mínà, ẹ̀gbọ́n Oyèwùsì jókòó sí iwájú ilé. Ó fi ọwọ́ méjèèjì wá ojú àbúrò rẹ̀, ó fọwọ́ tọ iwájú orí rẹ̀, imú rẹ̀, àgbọ̀n rẹ̀.

"Àkàngbé, o rù."

"Mo rù, Ẹ̀gbọ́n mi, ṣùgbọ́n mo dé."

Àwọn méjèèjì dì mọ́ra, wọ́n sunkún ìgbà èwe wọn. Ìyá arúgbó náà wá yíjú sí ibi tó ti ń gbọ́ ìṣísẹ̀ Oyèbísí, ó ní, "Kí lo gbé mọ́ àyà bí ọmọ tuntun yẹn, ìyá mi?"

"Ẹ̀mí Bàámi ni, mà."

Ìgò kan yẹn ló gbé Oyèwùsì títí wọ́n fi padà sílé. Bí wọ́n ti wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní Ìdí-Ìyeyè, Oyèbísí kò tíì tú gèlè kó tó gbé ìgò náà padà sínú ìkòkò àárín iyanrìn, tó bu omi, tó ń wọ́n ọn. Àwẹ̀ró dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wo ọkọ rẹ̀ láti orí dé ẹsẹ̀, ó mí kanlẹ̀. Lẹ́yìn náà ló bi ọmọ rẹ̀ pé:

"Yìnyín rẹ ńkọ́, ẹlẹ́ja?"

"Ó le, Màámi. Ó le jù." Ó kúnlẹ̀ síbẹ̀ níwájú ìkòkò. "Ẹ̀sọ̀ yín ló gbé wa dé."

Àwẹ̀ró kò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó gbọ́wọ́ lé e lẹ́yìn, ó ní kó wọ́n omi náà dé ẹ̀gbẹ́ kejì.

Oyèwùsì ti lọ báyìí, Àwẹ̀ró ti lọ, reluwé pàápàá kò fọn fèrè níbẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Oyèbísí ti di ìyá àgbà. Bó bá rí ọmọ tó ń fi ipá ṣí ilẹ̀kùn, tàbí tó ń fi ìbínú bẹ ẹni tó ṣẹ̀, yóò pè é wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, yóò sì sọ ìtàn ìgò mẹ́ta fún un. Àwọn tó mọ òwe lámọ̀dunjú lè bá mi jà pé òwe tí mo fẹ́ pa yìí dàgbà ju reluwé àti abẹ́rẹ́ lọ. Kí wọ́n máa wí tiwọn. Ní Ìdí-Ìyeyè, láti orí ìkòkò Àwẹ̀ró ni àwọn àgbà ti ń pa á, wọ́n sì ń pa á títí dòní, pé ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko.