Ata Tí Ó Mọ Oòrùn ní Ẹnu Ọ̀nà

"Ẹni tí ó bá mú ata padà sínú ọbẹ̀ ìlú yìí kí òjò àrọ̀kúrò tó bẹ̀rẹ̀, tirẹ̀ ni àkùrọ̀ ìdí odò. Tirẹ̀ ni, tọmọtọmọ."

Fátókun, Baálẹ̀ ìlú Ìnàrẹ̀, ni ó sọ bẹ́ẹ̀. Ó sọ ọ́ ní gbangba, lábẹ́ igi odán ojúde rẹ̀, níṣojú àwọn ìjòyè àti gbogbo ilé mẹ́tàlélógún tí ó wà ní ìlú náà. Kò sí ẹni tí ó fipá mú un. Ó tilẹ̀ tún un sọ lẹ́ẹ̀kejì, kí àwọn tí ó jókòó lẹ́yìn lè gbọ́. Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà wà níbẹ̀ ná. A óò padà wá bá a.

Òwe kan wà tí a máa ń pa: "Ata tí a gbìn sí yàrá, ẹnu ọ̀nà ni yóò ti mọ oòrùn." Òwe náà rú ọ̀pọ̀ ènìyàn lójú. Ta ni í gbin ata sí yàrá? Kí sì ni ẹnu ọ̀nà ní tí oko kò ní? Àwọn tí ó wà ní ipò ti sọ ọ́ di ohun tí wọ́n fi ń dá ọ̀dọ́ dúró. Bí ọ̀dọ́ bá bèèrè ẹ̀tọ́ rẹ̀, wọn a ní kí ó rọra, kí ó ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà ná. Ẹni tí ó ń pa á bẹ́ẹ̀ kò mọ ẹni tí ó kọ́kọ́ pa á, kò sì mọ ẹni tí wọ́n pa á fún. Bí ó ti ṣẹlẹ̀ nìyí.

Ní ọdún tí à ń wí yìí, òjò àrọ̀kúrò rọ̀ títí ata fi rà mọ́ igi ní oko. Èyí tí àgbàrá fi sílẹ̀, tata jẹ ẹ́. Nígbà tí ọyẹ́ yóò fi dé, kò sí ewé ata kan ṣoṣo ní Ìnàrẹ̀, àwọn ìlú tí ó múlé tì í náà sì ń wá a kiri. Àwọn tí ó ní kóró díẹ̀ lọ́wọ́ fọ́n ọn sí ẹ̀yìn balùwẹ̀ bí wọ́n ti máa ń ṣe. Adìyẹ tú u. Èyí tí adìyẹ kò rí, ó hù tán ni ọyẹ́ gbẹ ẹ́. Ọbẹ̀ ìlú wá di epo àti iyọ̀. Ọkùnrin a ki òkèlè bọ ọbẹ̀, a wo ojú ìyàwó rẹ̀, ìyàwó a sì wo ibòmíràn. Ìgbà náà ni Baálẹ̀ ṣe ìlérí rẹ̀.

Lára àwọn tí ó gbọ́ ọ ni Mosúnmọ́lá, tí ọkọ rẹ̀ ti kú láti ọdún méjì. Ìdí tí ó fi tẹ́tí sílẹ̀ kò fara sin. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú, àwọn ẹbí ọkọ gba oko padà. Wọ́n fi ìyá ọkọ rẹ̀ tí ó ti darúgbó àti ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́rin sílẹ̀ fún un, nítorí kò sí ẹni tí ó ń du ìyẹn. Ilẹ̀ tí ó kù ú kù kò ju ẹ̀yìn ilé lọ, àpáta sì ni ẹ̀yìn ilé náà. Àkùrọ̀ ìdí odò ní tirẹ̀ kì í gbẹ láti ọdún dé ọdún. Bí ó bá lè di ti Mosúnmọ́lá, kò ní máa tọrọ mọ́ kí ó tó bọ́ ọmọ.

Kóró wà nílé. Ìyá ọkọ rẹ̀ ti so ìdì ata gbígbẹ kan kọ́ àjà ààrò láti ìgbà tí ọmọ rẹ̀ wà láàyè. Èéfín ti sọ ọ́ di dúdú, kòkòrò kò sì lè fẹnu kàn án. Mosúnmọ́lá kúnlẹ̀, ó tọrọ rẹ̀.

"Gbogbo ohun tí ó kù nìyẹn," ni ìyá náà wí. "Bí o bá fọ́n ọn fún adìyẹ, o kò ní rí òmíràn gbà lọ́wọ́ mi."

"Mi ò ní fọ́n ọn, Ìyá. Inú yàrá ni mo fẹ́ gbìn ín sí."

"Yàrá wo? Èyí tí èmi náà ń sùn?"

"Òun náà ni, Ìyá."

"Ó dára. Bí ó bá ti ń sunkún lóru, ìwọ ni o máa dìde sí i."

Mosúnmọ́lá kó ìkòkò fífọ́ jọ, mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Èyí tí ìdí rẹ̀ ṣì dì, ó lu ihò sí i kí omi má baà dá sínú rẹ̀. Ó lọ bu ilẹ̀dú ní ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó fi ògbólógbòó asẹ́ ògì sẹ́ ẹ, ó po eérú díẹ̀ mọ́ ọn. Kóró mẹ́ta-mẹ́ta ni ó fi sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò da omi lé e lórí; ìgbálẹ̀ ni ó ń tì bọ omi tí ó sì ń gbọ̀n sí i bí ìrì. Ibi tí ooru ààrò ń dé ni ó tò wọ́n sí, nítorí kóró ata kì í jí nínú ilẹ̀ tí ọyẹ́ ti mú tutù.

Wúràọlá, ìyáálé agboolé náà, yọjú wò ó ní ọjọ́ kẹta.

"Ìyàwó, mo gbọ́ pé o ti gbé ọkọ tuntun wọ yàrá."

"Ata ni, Ìyáálé mi."

"Ata náà ni mo wí. Ṣé ó ti san ìdána?" Ó na ọrùn wo àwọn ìkòkò náà. "Ilé ni a ti ń se ata, oko ni a ti ń gbìn ín. Ìwọ wá gbé oko wálé. Ṣé oko ni o ó ti máa dáná ni?"

"Bí ó bá pọ́n, ìdí ààrò yín ni yóò kọ́kọ́ dé."

"Kí ó kọ́kọ́ hù ná," ni Wúràọlá wí, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ó hù ní ọjọ́ kẹsàn-án. Nígbà tí ó pé oṣù kan, ewé mẹ́rin-mẹ́rin ti wà lórí wọn. Mosúnmọ́lá gbé ìkòkò kan sí oòrùn ọ̀sán láti dán an wò. Kí ó tó gúnyán tán, ewé rẹ̀ ti funfun. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti kú. Ìkòkò kan yìí ni ó kọ́ ọ lọ́gbọ́n. Ó wò ó pé ohun tí ó dàgbà sí abẹ́ òrùlé kò tíì ní awọ tí yóò fi gba oòrùn, bí ọwọ́ ọmọ tí kò tíì di ọkọ́ mú rí.

Láti ọjọ́ kejì ni ó ti ń gbé ìkòkò méjìlá sẹ́nu ọ̀nà ní òwúrọ̀, nítorí méjìlá péré ni ẹnu ọ̀nà náà gbà. Ní ọjọ́ kìíní, ìwọ̀n ìgbà tí a fi ń rún orín kan ni wọ́n lò níta. Ní ọjọ́ kejì, ó gbá gbogbo àgbàlá kí ó tó gbé wọn wọlé. Ní ọjọ́ kẹta, ó se ẹ̀kọ, ó tún jẹ ẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni ó ń fi díẹ̀ kún un, títí wọ́n fi lè lo ọ̀sán gbáko ní ọjọ́ keje. Àwọn mọ́kànlélógún tí ó kù ń dúró de ìgbà tiwọn nínú yàrá.

Ìyàtọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í hàn. Àwọn tòde kò ga mọ́. Igi wọn ki, ewé wọn dúdú, wọ́n sì le. Àwọn tinú yàrá ń ga sí i lójoojúmọ́, wọ́n tẹ̀ sí ọ̀nà fèrèsé, awọ wọn ń dán. Ìyá ọkọ Mosúnmọ́lá sọ wọ́n lórúkọ. Ó pe àwọn tòde ní ará oko, ó pe àwọn tinú yàrá ní ọmọ ọba.

Ìròyìn dé etí Baálẹ̀. Láti ọjọ́ tí ó ti ṣèlérí ni àkùrọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Ó ti rò pé kò sí ẹni tí yóò lè gbà á. Ó mú ìjòyè méjì dání, ó wá sí ilé opó náà fúnra rẹ̀. Mosúnmọ́lá àti ìyá ọkọ rẹ̀ kúnlẹ̀ kí i.

"Mo gbọ́ pé ata ìlú wà lọ́dọ̀ rẹ," ni Baálẹ̀ wí.

"Ata mi ni ó wà níbí, Bàbá."

Baálẹ̀ gbọ́ ìyàtọ̀ náà, kò sì fẹ́ràn rẹ̀. "Ohun tí ìlú ń wá, ọwọ́ Baálẹ̀ ni ó yẹ kí ó ti bọ́ sínú ilẹ̀." Ó wo àwọn tí ó wà lẹ́nu ọ̀nà. "Kí ni ó ṣe àwọn aràrá yìí?" Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wọ yàrá, ó sì rí àwọn ọmọ ọba. "Ẹ̀n-ẹ́n. Ìwọ̀nyí ni ata. Ẹ kó wọn."

Mosúnmọ́lá lè dákẹ́. Bí ó bá dákẹ́, kò sí ẹni tí yóò dá a lẹ́bi. Ṣùgbọ́n ó ti gbọ̀n omi sí wọn fún oṣù kan lé díẹ̀, kò sì lè wò wọ́n kí wọ́n kú.

"Bàbá, ẹ jọ̀wọ́. Àwọn tinú yàrá kò tíì mọ oòrùn. Ẹ fún mi ní ọjọ́ méje, kí n máa pín wọn gbé sẹ́nu ọ̀nà díẹ̀díẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ gbọ́dọ̀ mú lónìí, ẹ mú àwọn tòde."

Ìyá ọkọ rẹ̀ fi ìgúnpá gún un lẹ́gbẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti jáde.

Baálẹ̀ yíjú sí àwọn ìjòyè rẹ̀. "Ẹ rí i? Ó fẹ́ fi aràrá tàn mí, kí òun lè fi èyí tí ó ga pamọ́." Ó wo Mosúnmọ́lá. "Ata ni, àbí ìyàwó ọ̀ṣìngín, tí a óò fi máa mú un mọ àdúgbò?"

Àwọn ìjòyè rẹ́rìn-ín, nítorí iṣẹ́ wọn ni.

Ọ̀sán gangan ni wọ́n gbìn wọ́n sí àkùrọ̀. Wọ́n bu omi fún wọn dáadáa. Kí oòrùn tó yí, gbogbo ewé wọn ti rọ bí ewé tí a rẹ sínú omi gbígbóná. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì wọ́n ti funfun. Ní ọjọ́ kẹta, kò sí èyí tí ó dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀.

Baálẹ̀ pe ìlú jọ sí àkùrọ̀ náà, ó sì ránṣẹ́ pe Mosúnmọ́lá.

"Obìnrin yìí fi nǹkan sí ata kí a tó kó o," ni ó wí. "Ẹni tí ó bá ba oúnjẹ ìlú jẹ́, ìlú kì í bá a gbé. Kí ó di ẹrù rẹ̀."

Mosúnmọ́lá kò sunkún. Ó mọ̀ pé bí òun bá di ẹrù lónìí, ìyá àgbà kan àti ọmọ kékeré kan ni yóò tẹ̀lé òun lọ sí ibi tí òun kò mọ̀. Ó yíjú sí Wúràọlá.

"Ìyáálé mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi lọ gbé ìkòkò kan wá lẹ́nu ọ̀nà mi. Èyí tí ó bá wù yín. Ẹ má jẹ́ kí ọwọ́ mi kàn án."

Wúràọlá lọ, ó sì gbé èyí tí ó kúrú jù wá. Mosúnmọ́lá ní kí ó gbé e sí àárín àwọn òkú ata náà. Ó ní kí ìlú dákun jókòó. Oòrùn gun orí, ó yí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀. Àwọn ènìyàn ń fi ọwọ́ nu òógùn. Aràrá náà dúró síbẹ̀, ewé rẹ̀ kan kò rọ.

Nígbà náà ni Mosúnmọ́lá kúnlẹ̀ níwájú Baálẹ̀, ó sì sọ ọ́ láìgbé ohùn sókè:

"Bàbá, oòrùn kan náà ni, kóró kan náà ni. Ata tí a gbìn sí yàrá, ẹnu ọ̀nà ni yóò ti mọ oòrùn. Ọjọ́ méje ni mo bèèrè. Ẹ kò fún mi."

Èyí tí ó dàgbà jù nínú àwọn ìjòyè ni ó kọ́kọ́ dìde. "Baálẹ̀, ata ti dáhùn," ni ó wí, ó sì gba ilé rẹ̀ lọ. Gbogbo ìlú dìde tẹ̀lé e. Kò sí ẹni tí ó tún dárúkọ ẹrù dídì.

Òjò àkọ́kọ́ rọ̀. Mosúnmọ́lá kó ilẹ̀dú sí àárín àpáta ẹ̀yìn ilé, agbọ̀n lórí agbọ̀n, ó sì gbin àwọn ará oko méjìlá náà síbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Ó fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣíji bò wọ́n fún ọjọ́ mẹ́ta, ó sì ṣí i kúrò. Oṣù kan ṣì wà kí àrọ̀kúrò tó bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ata pọ́n ní Ìnàrẹ̀. Ìdí ààrò Wúràọlá ni ó kọ́kọ́ dé, bí Mosúnmọ́lá ti wí. Wúràọlá tọ́ ọbẹ̀ náà wò, imú rẹ̀ ń ṣomi.

"Ọkọ tuntun yìí mà le o," ni ó wí. "Ó ti san ìdána."

Mosúnmọ́lá pín in dé gbogbo ilé mẹ́tẹ̀ẹ̀tàlélógún, títí kan ilé Baálẹ̀. Baálẹ̀ jẹ ẹ́, ó làágùn, ó sì yìn ín. Ilé kọ̀ọ̀kan fi díẹ̀ kọ́ àjà ààrò fún kóró. Nígbà tí ọyẹ́ ọdún kejì dé, kò sí yàrá kan ní Ìnàrẹ̀ tí kò ní ìkòkò fífọ́ nínú. Bí ilẹ̀ bá mọ́, a ó rí ata, a ó rí tòmátì, a ó rí ìgbá, wọ́n tò sẹ́nu ọ̀nà gbogbo ilé bí ọmọ tí ń yá oòrùn. Láti ọdún náà, ata kò tún tán ní ìlú náà mọ́. Wúràọlá ni ó kọ́kọ́ yọ ebè kan sọ́tọ̀ fún Mosúnmọ́lá nínú oko tirẹ̀, àwọn yòókù sì tẹ̀lé e. Ó pé ebè méjìlélógún, ní oko ilé méjìlélógún. Ilé kẹtàlélógún ni ti Baálẹ̀. Ọmọ Mosúnmọ́lá jẹ nínú àwọn ebè wọ̀nyí, ó sì dàgbà.

Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ fi òwe yìí pa ọ̀dọ́ lẹ́nu mọ́, kí ó rántí pé ẹnu tálákà ni ó ti jáde, etí olóyè ni ó sì wọ̀. Kí ó rántí pé ẹnu ọ̀nà kì í ṣe ibi tí a ń fi ènìyàn sí títí ayé. Ibi tí a ti ń mú un gbára dì ni, ọjọ́ rẹ̀ sì níye. Méje ni. Ẹni tí ó bá sì já ohun tí ẹlòmíràn tọ́ gbà nítorí pé ó ga, tí ó sáré gbé e sí ọ̀sán gangan, òun gan-an ni à ń bá wí: ata tí a gbìn sí yàrá, ẹnu ọ̀nà ni yóò ti mọ oòrùn.

Ní ti àkùrọ̀ ìdí odò, Baálẹ̀ Fátókun kò fún Mosúnmọ́lá.