Ẹni Tó Ń Náwó Eré

Ṣówándé ni olórí eré láàárín àwọn ọmọdé bí ogún tí wọ́n jọ dàgbà ní abà Ọdẹ́yínká. Wọn a jókòó yí ẹní ká, ọ̀kan a di ọba, ọ̀kan a di jagunjagun. Ṣówándé a máa ròyìn ohun tó pàdé wọn lọ́nà, wọn a sì da owó ẹyọ láti mọ ẹni tó yè àti ẹni tó kú.

Nígbà tí wọ́n di géńdé, tí oko àti ìyàwó ń fà wọ́n lọ, Ṣówándé kò fẹ́ kí eré náà parí. Ó kíyè sí i pé bí oúnjẹ bá wà ni wọ́n ń wá. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í náwó. Òun ló sanwó fún agbẹ́gilére tó gbẹ́ ère ọba àti ti jagunjagun wọn, òun ló ń ra ẹmu, òun ló ń pa adìẹ. Bí wọ́n bá ń jiyàn ẹni tó ń náwó jù, Látúnjí, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́, a ní òun ni, nítorí òun ló ń mú obì wá. Ṣówándé a kàn rẹ́rìn-ín.

Wúràọlá, ìyàwó rẹ̀, kìlọ̀ títí ó fi sú u. Lọ́dún tí òjò pẹ́, owó tán, adìẹ tán. Àwọn ọ̀rẹ́ dé, Ṣówándé sì lọ kó èèbù tí wọ́n fẹ́ gbìn.

“Bàbá Tanímọ̀la, kí la máa gbìn?” Wúràọlá bi í.

“Bí wọn ò bá jẹun lónìí, wọn ò ní wá mọ́.”

Wọ́n fi èèbù gún iyán, wọ́n jẹ ẹ́, wọ́n ṣeré.

Òjò padà rọ̀, ṣùgbọ́n Ṣówándé kò ní nǹkan tí yóò gbìn. Ó tọrọ èèbù lọ́wọ́ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Àwọn kan ti ṣí kúrò ní abà lọ sí oko ọ̀nà jíjìn. Àwọn tó kù ní tàwọn ò tó àwọn. Látúnjí ní tirẹ̀ kò purọ́. Ó ní, “Mo lọ́mọ nílé, ọ̀rẹ́ mi. Ọ̀tọ̀ leré, ọ̀tọ̀ lebi.”

Ebi ọdún náà ló pa Tanímọ̀la, ọmọ kan ṣoṣo tí Wúràọlá bí. Látúnjí nìkan ló wá gbẹ́ ilẹ̀ nínú gbogbo ẹgbẹ́ wọn. Ṣówándé jókòó sílé, nítorí bàbá kì í mọ sàréè ọmọ rẹ̀. Ó béèrè ibi tí àwọn yòókù wà.

Bàbá rẹ̀ arúgbó ló dá a lóhùn. “Wọ́n ti dàgbà, ọmọ mi. Ìwọ nìkan ló kù nídìí eré.”

Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, Wúràọlá di ẹrù rẹ̀, ó padà sílé àwọn ènìyàn rẹ̀.

Láti ìgbà náà ni àwọn àgbà abà yẹn, bí wọ́n bá rí ẹni tó fẹ́ fi tipátipá di ẹgbẹ́ mú, ti máa ń sọ fún un pé ogún ọmọdé kì í ṣeré gba ogún ọdún.