Iṣu Inú Fóònù

Bí ẹ bá ń wá àgbẹ̀ tí kò rí iṣu jẹ, Gbádébọ̀ ni. Iṣu kún àká rẹ̀ nínú eré orí fóònù, àwọn tí kò fojú rí rí sì ń kí i kú iṣẹ́, ṣùgbọ́n oko ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ti di igbó.

Lọ́jọ́ kan, ìyàwó rẹ̀ gbé fóònù náà sínú odó, ó fi ọmọ odó lé e lọ́wọ́. "Bàbá Tọ̀míwá, ẹ gún iṣu yín kí a jẹun. Àgbàdo inú ìgò, àwòmọ́jú ni fún adìyẹ!"

Gbádébọ̀ rẹ́rìn-ín títí, ó sì gbé ọkọ́.

Nígbà tí iṣu ta, ó ya fọ́tò iyán gbígbóná ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀rẹ́ inú fóònù, ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Àgbàdo inú ìgò!"

Kíá ni ọ̀kan fèsì: "Ẹ júwe ilé, adìyẹ ń bọ̀."