Kámẹ́rà Méjì, Ìbejì Ẹyọ Kan

Ọkùnrin kan wà tó ń fi fọ́tò yíyà jẹun. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́bàá ọ̀nà tó lọ sí ibi tí àwọn amọ̀kòkò ìlú náà ti ń wa amọ̀. Kámẹ́rà kan ṣoṣo ló ní. Irú kámẹ́rà yìí, èèyàn lè yọ ojú rẹ̀ kúrò lára rẹ̀. Gíláàsì iwájú tó fi ń ríran ni ojú rẹ̀. Ìyókù, níbi tí bọ́tìnnì wà, tí àwòrán ń bọ́ sí, òun ni ara. Ojú kámẹ́rà kì í tètè gbó. Ara ló ń gbó.

Ara kámẹ́rà ọkùnrin yìí ti gbó. Rọ́bà ibi tí wọ́n ti ń dì í mú ti ṣí, ó fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ padà. Àmì orí àwọn bọ́tìnnì rẹ̀ ti pa rẹ́, ìka rẹ̀ nìkan ló mọ èyí tí í ṣe èwo. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, fọ́tò tó bá yà á rí hóró-hóró bí ẹni pé wọ́n da iyanrìn sí i. Ṣùgbọ́n lọ́sàn-án, bí oòrùn bá là, kò sí ẹni tó gba fọ́tò lọ́wọ́ rẹ̀ tí kò rí ara rẹ̀ níbẹ̀. Kámẹ́rà yẹn ló ya àwọn ọmọ ìlú náà nígbà ìsọmọlórúkọ, òun ló yà wọ́n nígbà tí wọ́n jáde ìwé, òun náà ló yà wọ́n nígbà ìgbéyàwó. Kò já ẹnikẹ́ni kulẹ̀ rí.

Lọ́jọ́ kan, ó lọ ṣiṣẹ́ níbi ìgbéyàwó kan ní ìlú kejì. Ayàwòrán mìíràn wà níbẹ̀, ọ̀dọ́ tó so kámẹ́rà tuntun mọ́ ọrùn. Ọ̀dọ́ náà wo kámẹ́rà ọkùnrin yìí, ó wo rọ́bà tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀, ó sì kígbe sókè kí gbogbo èèyàn lè gbọ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o! Ṣé kámẹ́rà yín yìí ni wọ́n fi ya Nóà nígbà tó ń wọ ọkọ̀?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà dùn ún. Láti ọjọ́ náà ló ti ń fi aṣọ bo kámẹ́rà rẹ̀ bó bá ń gbé e kọjá lójúde, bí ẹni gbé ohun tó jí.

Ó pinnu láti pààrọ̀ ara kámẹ́rà náà. Èyí kò burú. Oníṣòwò kan wà ní ìlú ńlá tó ń ta irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ó gbé méjì ka iwájú rẹ̀. Àkọ́kọ́ yára. Bí ẹyẹ bá ń fò kọjá, á ti yà á léraléra kí ẹyẹ náà tó dé orí òrùlé kejì. Ìkejì kò yára tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń ríran nínú òkùnkùn. Àtùpà kan nínú pálọ̀ ti tó o láti fi ojú èèyàn hàn kedere. Méjèèjì ló ń gba ojú tí ọkùnrin náà ti ní nílé. Èyíkéyìí tó bá mú, kò ní kábàámọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, èwo ni kí n bá yín dì?" oníṣòwò bi í.

"Jẹ́ kí n lọ rò ó ná," ó fèsì.

Ìrònú yẹn ló ba nǹkan jẹ́. Nígbà tó délé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wo àwọn tó ń fi kámẹ́rà wé kámẹ́rà lórí fóònù. Ògiri ni wọ́n máa ń yà. Wọ́n á fi ti àkọ́kọ́ ya ògiri, wọ́n á fi ti ìkejì ya ògiri kan náà, wọ́n á wá fa àwòrán rẹ̀ tóbi títí èèyàn á fi máa rí ihò ara bíríkì. Kò sí èèyàn kankan nínú fọ́tò wọn. Òun tó jẹ́ pé ojú èèyàn ló ń yà láti ìgbà tó ti gba ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀, ó wá di akẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ àwọn tó ń ya ògiri. Bó bá jí, àkọ́kọ́ ló wù ú. Bó bá jẹun ọ̀sán tán, ìkejì ni.

Ọ̀rọ̀ náà sú ìyàwó rẹ̀. "Bàbá Gbémisọ́lá, ká ní ìyàwó kejì lẹ ń yàn ni, à bá ti sọ ọmọ rẹ̀ lórúkọ báyìí."

"Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ni. O ò lè mọ̀."

"Mo mọ èyí tó ń bọ́ wa. Òun lẹ daṣọ bò lórí tábìlì yẹn."

Àárín àkókò yìí ni àwọn ìbejì wá.

Àgbàlagbà obìnrin ni wọ́n, amọ̀kòkò ni wọ́n. Táyé ló máa ń mọ ìkòkò, Kẹ́hìndé ló máa ń dán an. Wọn kò ya fọ́tò pa pọ̀ rí. Bí ọ̀kan bá ráyè, èkejì á wà nídìí iná ìsunkòkò. Kò sì sí èyí tó gbà kí wọ́n ya òun láìsí èkejì. Ojú wọn jọra, ṣùgbọ́n àpá iná kan wà ní àgbọ̀n Táyé, ibi tí iná ìsunkòkò ti jó o nígbà tó wà lọ́mọge. Eyín iwájú rẹ̀ kan sì ti yọ, ó sì máa ń fi ahọ́n kan ibẹ̀ bó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín. Kẹ́hìndé bímọ, ó rí ọmọ ọmọ. Táyé kò bí.

Aṣọ kan náà ni wọ́n wọ̀ wá. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì tí wọ́n máa ń ya èèyàn sí, Táyé lápá ọ̀tún, Kẹ́hìndé lápá òsì.

"Ọmọ wa, yà wá pa pọ̀," Kẹ́hìndé ní. "Àwọn ọmọ mi á máa gbé ojú mi káàkiri bí mo bá lọ tán. Ti àbúrò mi yìí ni mo fẹ́ kí o bá mi tọ́jú."

Ayàwòrán wo kámẹ́rà tó wà lábẹ́ aṣọ. Ó rántí Nóà. Ìtìjú mú un.

"Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi láyè díẹ̀ mà. Kámẹ́rà tuntun ń bọ̀. Èyí tó wà nílẹ̀ yìí kò ní fi ojú yín hàn dáadáa."

"Ojú tiwa fúnra wa kò ríran dáadáa mọ́," Táyé ní, ó sì fi ahọ́n kan ibi tí eyín ti yọ. "Ta ló fẹ́ mọ̀? Èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ yẹn, ṣé kò ń ya èèyàn mọ́ ni?"

"Ó ń yà, mà."

"Ó dáa, yà wá."

"Ẹ fara balẹ̀, mà. Ẹ̀yin náà á gbádùn rẹ̀."

Gbọ́ ohun tí ẹnu ara rẹ̀ sọ! Ó ní ó ń yà. Ọ̀sán gangan ni, oòrùn ń ràn, àwọn arúgbó méjì ti múra, wọ́n ti jókòó, ẹ̀rọ tó ń ya èèyàn wà lórí tábìlì. Ó ní kí wọ́n máa lọ sílé.

Wọ́n tún padà wá. Lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀pá ni Táyé fi ń rìn, ikọ́ kò sì jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀. Òjò ń rọ̀. Bí wọ́n ṣe wọlé ni ọkùnrin náà ti ń mi orí.

"Ìmọ́lẹ̀ kò sí lónìí, mà. Kámẹ́rà tí mo fẹ́ mú báyìí, òkùnkùn kò ní rí i gbé ṣe. Ẹ jẹ́ ká dúró dè é."

"Òjò kì í rọ̀ kó má dá," Táyé ní. "A ó jókòó títí á fi dá. A kò ní ibi kankan tí à ń lọ."

"Rárá o, mà. Òtútù á mú yín. Ẹ máa lọ sílé, èmi fúnra mi á wá pè yín."

Kẹ́hìndé wo ojú rẹ̀ pẹ́. Ó di àbúrò rẹ̀ mú, wọ́n gba inú òjò lọ.

Wọn kò tíì jìnnà tí òjò náà fi dá. Oòrùn là, ó mọ́lẹ̀ bí ẹni pé ó ń wá ojú tí yóò tàn sí. Ọkùnrin náà wà nínú ṣọ́ọ̀bù. Ó ń wo ògiri lórí fóònù.

Nígbà tó ṣe, ó mú ọ̀kan. Èyí tó ń ríran nínú òkùnkùn ló mú. Ó gbé e délé, ó fi ojú àtijọ́ bọ̀ ọ́, ó sì wá ohun tí yóò kọ́kọ́ yà. Ara kámẹ́rà rẹ̀ àtijọ́ tó wà lórí tábìlì ló yà. Fọ́tò náà dára. Ó fi gbogbo ibi tó ti họ hàn, ó fi gọ́ọ̀mù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rọ́bà hàn. Ó yọ̀ mọ́ ọn. Ó ní òun ti yàn dáadáa.

Bó ṣe ń múra láti lọ pe àwọn ìbejì náà ni Kẹ́hìndé wọlé, òun àti àkọ́bí rẹ̀ ọkùnrin. Ayàwòrán wo ẹ̀yìn wọn, ó ń retí ẹlẹ́ẹ̀kẹta.

"Màmá Táyé wá igi lọ," ọkùnrin tó tẹ̀lé Kẹ́hìndé ní.

Bí a ṣe máa ń sọ ọ́ nìyẹn. A kì í sọ pé ìbejì kú. A ó ní ó wá igi lọ, kí èkejì má baà tẹ̀lé e. Ayàwòrán gbọ́, ó sì jókòó sórí àga.

Àkọ́bí náà ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "Àwọn àgbà ilé ní kí ẹ ṣe bí wọ́n ti ń ṣe láyé àtijọ́. Ẹ ya màmá wa nìkan, kí ẹ wá gbé àwòrán kan náà sí apá ọ̀tún àti sí apá òsì, kí ó di méjì. Ojú kan náà ṣáà ni wọ́n ní."

Ọkàn ayàwòrán fúyẹ́. Òótọ́ ni pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é. "Kò le rárá," ó ní. "Kámẹ́rà tuntun yìí á ṣe é débi pé ẹnikẹ́ni kò ní mọ ibi tí mo ti so wọ́n pọ̀. Ẹ jókòó, mà."

Kẹ́hìndé jókòó. Apá òsì bẹ́ǹṣì ló jókòó sí, bó ti máa ń ṣe, ó sì fi apá ọ̀tún sílẹ̀. Ayàwòrán fi ojú sí kámẹ́rà. Ó rí gbogbo ìlà ojú obìnrin náà. Ó rí irun ìpéǹpéjú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó rí pákó bẹ́ǹṣì, kedere.

"Ọmọ mi, dúró ná," Kẹ́hìndé ní. "Èmi kò ní àpá lágbọ̀n. Ta lo fẹ́ kó fún mi ní tirẹ̀? Eyín mi pé. Ta ni yóò fi ahọ́n kan ibi tó ti yọ?"

Ayàwòrán sọ kámẹ́rà kalẹ̀.

"Ìwọ ń yan ọ̀kan nínú kámẹ́rà méjì. Ikú náà ń yan ọ̀kan nínú àwa méjì. Ikú kò pẹ́ tó ọ."

Ọmọ rẹ̀ fi ọwọ́ bo ẹnu, nítorí kò sí ẹni tó ti dárúkọ ikú nínú ilé wọn láti ọjọ́ tí Táyé ti lọ. Kẹ́hìndé dìde, ó tún aṣọ rẹ̀ ró, ó sì jáde. Kò jẹ́ kí ayàwòrán ya òun. Kò sí fọ́tò Táyé ní ibikíbi láyé.

Ìwọ tó ń gbọ́ mi, má mi orí sí ayàwòrán yẹn. Kò sí ẹni tó ní kí o má pààrọ̀ ohun tó gbó. Ṣùgbọ́n o ní ìgbà tí ilé rẹ bá parí ni wàá tó mú ìyá rẹ wá sinmi lọ́dọ̀ rẹ. Ṣé òrùlé ni ìyá rẹ ń béèrè, àbí ìwọ? O ní bí o bá ra mọ́tò, wàá lọ wo ọ̀rẹ́ rẹ tó wà lórí àìsàn, bí ẹni pé wọ́n ti gé ẹsẹ̀ rẹ. O ń pè é ní ìfarabalẹ̀. Irọ́ ni! Ìtìjú ni. O kò fẹ́ kí wọ́n rí ohun ògbólógbòó lọ́wọ́ rẹ, o sì jẹ́ kí ẹni tó wá bá ọ padà lọ́wọ́ òfo nínú òjò. A ń náání ohun tí a ní, ọmọ aṣẹ́gità ń náání èèpo igi. Ìwọ lo ń daṣọ bo tìrẹ.

Ẹni kan jókòó dè ọ́ lórí bẹ́ǹṣì báyìí. O mọ̀ ọ́n. Kò bi ọ́ léèrè èyí tó yára, kò bi ọ́ léèrè èyí tó ń ríran lókùnkùn. Èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ yẹn, ṣé kò ń ya èèyàn mọ́ ni?