Ẹbọ Tí Oyèbísí Rú Kí Ìbò Tó Dé

Ara Oyèbísí kò lélẹ̀ mọ́. Bó bá jókòó, á dìde. Bó bá dìde, kò ní mọ ibi tó ń lọ. Olùkọ́ àgbà ni kó tó fẹ̀yìn tì, àwọn ará ìlú Ìdóòṣun ló sì bẹ̀ ẹ́ pé kó wá dupò aṣòfin lábẹ́ ẹgbẹ́ kékeré kan tí kò wọlé níbì kankan rí. Ẹgbẹ́ Ìrókò ló ń ṣèjọba lórílẹ̀-èdè náà láti ọjọ́ tí òyìnbó ti kó ẹrù rẹ̀ lọ. Wọ́n ń dìbò lóòótọ́, ẹni tó bá wù sì lè jáde dupò. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá dìbò tán, Ìrókò náà ni. Látìpẹ̀, ọmọ ẹgbẹ́ Ìrókò, ló ń ṣojú Ìdóòṣun títí irun orí rẹ̀ fi funfun.

Nígbà tí ìbò kù sí dẹ̀dẹ̀, Oyèbísí tọ Ìyá Ẹfúnyẹmí lọ, arúgbó olóòṣà tó ń da owó ẹyọ mẹ́rìndínlógún ní ẹ̀yìn odò. Ìyá da owó ẹyọ sórí àtẹ, ó wò ó pẹ́, ó ní:

"Ariwo kì í ka ìbò, ẹni tó dúró ló ń rí ìdí àpótí. Bẹ́ẹ̀ ni òrìṣà wí fún ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń sáré kiri. Ọmọ mi, ìwọ ló ń bá wí."

"Ìyá, kí ni kí n ṣe?"

"Òbúkọ kan àti iṣu ni wàá fi rúbọ. Sè é, kí o pín in. Ẹni tí kò fẹ́ rí ọ sójú ni kó kọ́kọ́ jẹ níbẹ̀. Lọ́jọ́ ìbò, ohun yòówù tí wọ́n bá ké sí ọ létí, má kúrò nídìí àpótí títí wọn óò fi kà á tán."

Oyèbísí mọ ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ń bá wí. Bàbá Ọ̀jẹ́làdé ni, aládùúgbò rẹ̀, àgbà ẹgbẹ́ Ìrókò, tó pè é ní ọ̀dàlẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn.

"Ìyá, kí n gbé oúnjẹ fún ẹni tó bú mi?"

"Èyí tó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn, ẹ̀bùn ni. Èyí tó bá dùn ọ́ dé eegun, òun ni ẹbọ."

Látìpẹ̀ náà wá lẹ́yìn rẹ̀, nítorí pé ọwọ́ tí wọ́n ń jù sí i lọ́jà ti ń dín kù, àyà rẹ̀ sì ń já. Ìyá ní kó fi àgbò rúbọ, kó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ gbé ẹran náà dé ilé àwọn tí kò yà kí láti ìgbà tó ti wọlé, kó sì kó àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ níjàánu. Látìpẹ̀ rẹ́rìn-ín.

"Ìyá, èwo ni ti ẹbọ? Ta ló rí ibi tí Ìrókò ti ṣubú rí?"

Ó wọ ọkọ̀ rẹ̀, ó lọ.

Oyèbísí rúbọ. Ó gbé àwo dé ẹnu ọ̀nà Bàbá Ọ̀jẹ́làdé, ó kúnlẹ̀. Bàbá wò ó láti òkè délẹ̀.

"Ṣé iṣu lo fẹ́ fi gba ìbò mi?"

"Rárá, Bàbá. Ẹ má dìbò fún mi. Ẹ sáà jẹun."

Bàbá gba àwo náà, ó ti ilẹ̀kùn. Kò dúpẹ́.

Ọjọ́ ìbò pé. Èrò tò lọ bí ilẹ̀ bí ẹní. Bí oòrùn ti mú gan-an ni igbe ta: "Ilé Oyèbísí ń jó o! Ìyá rẹ̀ wà nínú ilé!"

Ìyá tó bí Oyèbísí ti darúgbó, kò lè dá rìn mọ́. Àwọn ènìyàn Oyèbísí tú ká, wọ́n ń sáré lọ síbi iná. Òun náà ti sáré dé ẹnu géètì kí ọ̀rọ̀ arúgbó olóòṣà tó sọ sí i lọ́kàn. Ó kígbe pé, "Ẹ gbà mí, ẹ lọ gbé ìyá mi!" ó sì padà sídìí àpótí tòun tẹkún. Ó bá àwọn ọmọ Látìpẹ̀ kan níbẹ̀, tí wọ́n fi aṣọ bo àpótí mìíràn tó kún fún ìbò èrú mọ́ abẹ́ tábìlì. Nígbà tí ojú wọn ko ojú, wọ́n gbé e, wọ́n sá lọ.

Ìdúró náà kò rọrùn. Ó ń wo èéfín lókè òrùlé, kò sì mọ̀ bóyá ìyá òun ṣì ń mí.

Ìgbà tó yá, Bàbá Ọ̀jẹ́làdé yọ, eérú bò ó lórí, apá aṣọ rẹ̀ ti jó.

"Oyèbísí, fọkàn balẹ̀. Mo ti gbé ìyá jáde. Ilé mi ló wà, ó ń mu ẹ̀kọ. Mo rí àwọn tó ṣáná sí ilé náà pẹ̀lú. Ẹgbẹ́ kan náà la jọ wà."

Àwọn ènìyàn ní kó bọ́ síwájú. Ó kọ̀, ó lọ tò sẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ tó sọ ń ti ẹnu bọ́ sí ẹnu láàárín èrò, àwọn tó ti fẹ́ dìbò fún Ìrókò sì ń yí ọkàn padà.

Wọ́n ka ìbò lójú Oyèbísí. Ìrókò tún gba ìjọba orílẹ̀-èdè, ṣùgbọ́n Ìdóòṣun bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Oyèbísí di aṣòfin. Tẹgbẹ́ tọ̀gbà ló sì bá a kọ́ ilé rẹ̀ padà. Látìpẹ̀ jókòó sí pálọ̀ rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò yà kí i. Ó ránṣẹ́ sí Ìyá Ẹfúnyẹmí pé àgbò ti wà nílẹ̀ o, ṣé ó ṣì lè rúbọ. Ìyá ní kí wọ́n sọ fún un pé wọ́n ti ka ìbò tán.

Báyìí ni ẹni tó gbọ́ ẹbọ tó rú ṣe rí ire, tí ẹni tó fi í ṣẹ̀rín sì jẹ àbámọ̀.